Dúrọ́ọ̀mù tó ní nọ́ńbà 2078: lẹ́tà ṣíṣí láti Ìjẹ̀bú-Òde

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú,

Ẹni ọdún 67 ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ilé bàbá mi ni mo sì padà sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. N kò kọ̀wé sí ìjọba rí. Ohun tí mo rí lọ́jà Òkè-Àjẹ́ ló mú mi jókòó ti ìwé àti gègé.

Lọ́jọ́ ọjà náà, mo bá ìyá kan níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n ti ná an títí, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ̀. Dúrọ́ọ̀mù onírin ni, wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù kùn ún, ó ń dán gbinrin. Mo bi ìyá yẹn pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ máa fi rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú ni, pé èyí tó wà nílé ti ń jò. Ojú mi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù náà, nítòsí ìdí, níbi tí ọ̀dà kò ti mú dáadáa. Mo rí àmì agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì tó gba ara wọn kọjá. Mo tún rí nọ́ńbà kan lábẹ́ rẹ̀: 2078.

Ọdún 19 ni mo fi ṣe sitọ́ọ̀-kípà nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ayé fi ń dá kẹ́míkà kan mọ̀ bí wọ́n bá ń gbé e lójú omi tàbí lójú títì. Toluene diisocyanate ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, TDI ni gbogbo wa ń pè é. Mo sọ fún ìyá náà pé kó má ṣe rà á. Ọmọkùnrin tó ń tà á bínú, ó ní, “Bàbá, ẹ má ba ọjà mi jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta la fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.” Kò purọ́. Mo gbà pé ó fọ̀ ọ́. Ọmọ náà kò mọ̀ pé fífọ̀ tó fọ̀ ọ́ kò tíì kan ohun tó wà lára irin yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí.

Ọlọ́lá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí fóòmù jẹ́, torí bí a kò bá mọ bó ṣe ń wáyé, a kò ní mọ ìdí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Kẹ́míkà méjì ni òbí fóòmù. Ọ̀kan ni polyol, tó ki bí oyin, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Èkejì ni TDI, tó mọ́ gaara bí omi, tàbí kó pọ́n díẹ̀. A ó wá bu omi lásán sí i, bí ìwọ̀n 3 sí 5 fún ìwọ̀n polyol 100, pẹ̀lú ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn kẹ́míkà tó ń mú iṣẹ́ yá. Bí TDI bá ti kan omi, afẹ́fẹ́ carbon dioxide yóò máa tú jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò mú kí àdàlù náà wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ká tó ka ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí ti kún dé òkè. Èèyàn tó bá kọ́kọ́ rí i yóò ya ẹnu. Mo ya ẹnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò sì dẹ́kun láti máa wò ó tìyanu-tìyanu títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Otto Bayer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣàwárí ọ̀nà yìí lọ́dún 1937. Lọ́dún 1962 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ fóòmù Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni fóòmù ti ń lé tìmùtìmù olówùú kúrò nínú yàrá wa. N kì í ṣe ọ̀tá fóòmù o. Owó fóòmù ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, orí rẹ̀ ni mo sì ń sùn. Bí fóòmù bá ti jinná, tó tutù, TDI inú rẹ̀ ti di ohun mìíràn, kò lè ṣe ẹni tó sùn lé e lórí ní nǹkan kan, àfi bí iná bá mú un. Nígbà tó ṣì jẹ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó máa bani.

Omi tó ń mú fóòmù wú yìí kan náà ló ń mú kí dúrọ́ọ̀mù bẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ìgbà òjò ni. Ọmọ iṣẹ́ kan fa TDI nínú dúrọ́ọ̀mù lálẹ́, ó sì gbàgbé láti dé e. Òjò fẹ́ wọ inú rẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, nígbà tó rí i, ó yára dé e pinpin kí ọ̀gá má baà bá a wí, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, mo ń ka ẹrù lọ, mo rí i pé orí dúrọ́ọ̀mù kan ti yọ gọngọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rí róbótó bí ikùn aláboyún. Mo pariwo pé kí gbogbo èèyàn jáde. A kò tíì dé géètì tán tó fi bú gbàmù. Ìdérí rẹ̀ dá páànù òrùlé lu, ó sì já sí ẹ̀yìn ọgbà. Kò pa ẹnì kankan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú wa tó ti sún mọ́ ọn jù, tó fa ooru rẹ̀ símú.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ yá, ó padà wá síṣẹ́. Kò ju wákàtí kan lọ tí àyà rẹ̀ fi dí pa, tó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ara rẹ̀ yá, ó tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọjá ẹnu géètì. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un pé ara rẹ̀ ti kọ TDI. Bí ara èèyàn bá ti kọ̀ ọ́ báyìí, ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan, tí ẹlòmíì kò ní mọ̀ pé ó wà nínú afẹ́fẹ́, ti tó láti fún un lọ́nà ọ̀fun. Kò sí oògùn tó ń mú kí ara gbàgbé. Ẹni tó lè gbé kẹ́ẹ̀gì polyol lérí tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìfẹ́sẹ́nu rìn kiri. Ikọ́ fée ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é, wọ́n ní aráyé ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ fún un ní owó oṣù méjì, ó tán síbẹ̀. Lọ́dún 2010 ni wọ́n ṣe Òfin Owó Gbà-Má-Bínú fún Òṣìṣẹ́ tó ní kí wọ́n sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ bá sọ di aláìlera, ó ti pẹ́ jù fún òun.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ TDI ni pé imú kò lè ṣọ́ ọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ pé, “Bí n kò bá ti gbóòórùn rẹ̀, kò sí níbẹ̀.” Irọ́ ni. Òfin Amẹ́ríkà ní afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 1 TDI nínú ìdá 50 mílíọ̀nù lọ nígbà kankan, ibòmíì sì wà tí wọ́n fún un mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí imú èèyàn tó gbọ́ ọ, ó ti kọjá ìwọ̀n yẹn. Ẹni tó gbóòórùn TDI ti jẹ nínú rẹ̀ ná. Ooru rẹ̀ sì wúwo tó ìlọ́po mẹ́fà afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, níbi tí ọmọdé ti ń rá.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá mọ ohun tó ń ṣe ní ọ̀nà tó ń gbà kápá gbogbo èyí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa ooru jáde lókè, ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta, ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgúnpá, ilé ìkẹ́rùsí tí ilẹ̀ rẹ̀ ní ògiri kúkurú yí ká kí ohun tó bá dànù má baà ṣàn lọ sí gọ́tà. Wọ́n ń tọ́jú iyanrìn gbígbẹ láti fi bo èyí tó bá dà sílẹ̀. Wọ́n á kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọn kò ní dé, wọ́n á wá da omi tí wọ́n fi sódà-áàṣì àti ọṣẹ olómi díẹ̀ pò lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ síta gbangba fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè tú jáde. Sódà-áàṣì yìí ni àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ olómi ní Ìjẹ̀bú-Òde ń rà lọ́jà lójoojúmọ́. Kò wọ́n, kò ṣòro. Ẹni tó bá mọ̀ ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ ló gbé mi dìde. Fóòmù tí wọ́n ń dà lẹ́yìnkùlé ni. Iṣẹ́ wọ́n, àwọn ọmọ wa jáde ilé-ìwé gíga tí wọn kò rí nǹkan kan ṣe, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn láti kọ́ wọn ní fóòmù ṣíṣe láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n á fún wọn ní bébà kan tí wọ́n kọ ìwọ̀n polyol, TDI, omi, silicone, amine àti tin sí. Kò sí ohun tí bébà náà sọ nípa èémí. Ọmọ náà á kan àpótí onípákó, á ra kẹ́míkà ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ alátúntà, á gbé e wá sẹ́yìn ilé tí bàbá, ìyá, àwọn ayálégbé àti ọmọ wọn ń gbé, á sì fi igi rò ó nínú garawa bí ẹni ń ro àmàlà. Mo ti rí méjì ní ìlú wa yìí pẹ̀lú ojú ara mi. N kò ní dárúkọ àdúgbò wọn, nítorí n kò fẹ́ kí ọlọ́pàá lọ kó ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀kan nínú wọn da ìbòmú aláṣọ tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà bo imú. Ọlọ́lá, ìbòmú yẹn kò dí TDI lọ́nà rárá. Bí ẹni fi àwọ̀n ẹja pọn omi ni.

Kẹ́míkà kan tún wà tí wọ́n ń fi sí i kí fóòmù lè fúyẹ́, methylene chloride. Bí ooru bá ti tó 40°C, ó ti ń hó. Ẹ ro oòrùn oṣù kejì àti oṣù kẹta ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ wá ro kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé sí ìdí ògiri tí oòrùn ń pa láti àárọ̀. Bí èèyàn bá fa ooru rẹ̀ símú, ara yóò yí i padà sí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ kan náà tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá tì í mọ́lé. Lọ́dún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin lé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìlò rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ní tiwa, mo rí i nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n gbé sórí fèrèsé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Fóòmù tuntun gbóná nínú. Ẹ lè fọwọ́ kan ìta rẹ̀ kí ẹ rò pé ó ti tutù, àmọ́ àárín rẹ̀ lè ju 150°C lọ, torí fóòmù fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru jáde. Bí ẹni tó dà á bá ṣi ìwọ̀n lò, tó fi omi kún omi, tó fi TDI kún TDI torí kó lè wú sí i, àárín rẹ̀ yóò pọ́n, yóò dúdú, iná yóò sì sọ láti inú láìsí ẹni tó ṣáná. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fi í to fóòmù ọjọ́ náà lé ara wọn. Wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n á sì máa ṣọ́ wọn títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ wa tó ń dà á lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Ó ń bẹ̀rù olè. Inú pálọ̀ ló ń gbé e wọ̀ lálẹ́, ó sì ń lọ sùn.

Bí fóòmù bá gbiná, èéfín rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, carbon monoxide wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1979, iná mú àga onífóòmù ní ilé ìtajà Woolworths ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn mẹ́wàá ló kú, èéfín yẹn sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rọ́nà jáde. Ó di ọdún 1988 kí ìjọba wọn tó ṣe òfin tó le lórí fóòmù inú àga. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Mo bẹ̀ yín, kí ìjọba tiwa má ṣe dúró títí èèyàn yóò fi kú kó tó jí.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń sọ àsọdùn, pé kí ni kẹ́ẹ̀gì méjì mẹ́ta lè ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, ní Bódìjà n'Ìbàdàn, ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé láàárín àwọn èèyàn bú, ó wó ilé, ó gba ẹ̀mí, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri wọn. Ohun abúgbàù ọ̀tọ̀, TDI ọ̀tọ̀, mo mọ̀. Àìmọ̀ ni wọ́n fi jọra. Lónìí, bí iná bá sọ ní òpópónà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn panápaná dé tí wọ́n sì tu omi lé ilé tí dúrọ́ọ̀mù TDI wà, ta ló sọ fún wọn pé omi wọn lè fi ọ̀tá kún ọ̀tá?

Ẹ tún rántí Bhopal ní Íńdíà. Mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1984, omi wọ inú táńkì tí wọ́n kó methyl isocyanate sí nílé-iṣẹ́ apakòkòrò kan, ó ju 40 tọ́ọ̀nù lọ. Ó gbóná, ó hó, ó tú jáde lu àwọn tó ń sùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú. Ọmọ ìyá kan ni òun àti TDI, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Bhopal yára fò ju TDI lọ fíìfíì, n kò sì ní fi èyí dẹ́rù ba ẹnì kankan pé Ìjẹ̀bú yóò dà bíi Bhopal. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni omi. Omi náà ló dé ibẹ̀, omi náà ló ń bọ̀ wá sínú dúrọ́ọ̀mù tí a fẹ́ rẹ ẹ̀gẹ́ sí.

Mo padà sórí dúrọ́ọ̀mù. TDI tó bá kù lára irin, bí wọ́n bá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò di èèpá funfun tó le bí òkúta, yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí apá kò dé. Omi yóò tún sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ diaminotoluene. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka àwọn méjèèjì mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Ẹ̀gẹ́ fùfú máa ń wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. A ń fi gàrí Ìjẹ̀bú yangàn láti ìlú dé ìlú. Kí ló dé tí a kò bi ara wa léèrè ibi tí ohun èlò wa ti ń wá?

Orílẹ̀-èdè yìí ti kọ́ ẹ̀kọ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 1988, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù pàǹtírí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì sínú àgbàlá ọkùnrin kan ní Kókò, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Owó ilé ni wọ́n fi tàn án, kò mọ ohun tó gbà sílé. Ariwo yẹn ló bí òfin pàǹtírí olóró àti àjọ ìjọba àpapọ̀ tó kọ́kọ́ ń bójú tó àyíká, ọdún yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, sílẹ̀ lọ́dún 2007, lọ́dún 2011 wọ́n tún ṣe ìlànà àyíká kan tó dá dúró fún ilé-iṣẹ́ ike, rọ́bà àti fóòmù. Ẹ gbọ́ ọ o, fóòmù wà nínú orúkọ òfin yẹn. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 náà wà nílẹ̀. Ìwé kò wọ́n wa. Ẹni tó máa gbé ìwé náà dé Òkè-Àjẹ́, Ìta-Ọ̀ṣù àti Ìmòwò ni a kò rí.

Nítorí náà, Ọlọ́lá, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo. Bí ẹ bá rán àwọn èèyàn wá láti máa ti ilé pa, inú òkùnkùn ni àwọn ọmọ yìí yóò gbé kẹ́míkà wọn lọ, kò ní sẹ́ni tó máa rí wọn mọ́. Ẹ pè wọ́n jáde. Ẹ ní kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú TDI tàbí methylene chloride ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá kọ orúkọ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, láìsí ìtanràn, láìsí owó. Ẹ fi àkọsílẹ̀ náà lé àwọn panápaná lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, kúrò lára ilé gbígbé, kúrò lẹ́bàá odò, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé ìdafóòmù kan tó ní ẹ̀rọ ìfaooru àti ilé ìkẹ́rùsí tó péye síbẹ̀, kí wọ́n dara pọ̀ bí ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀, kí wọ́n máa san owó ìlò. Ìjẹ̀bú mọ ẹgbẹ́. Láti kékeré la ti ń bá ọjọ́ orí wa ṣe ẹgbẹ́, ẹ ń rí wa bí a ti ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ohun tí a lè fi aṣọ àti ẹṣin ṣe, a lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe é.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dà á, kó kọ́ iṣẹ́ náà kó sì yege. Láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2023, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè lo irú kẹ́míkà yìí ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí kò bá kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Yunifásítì wà ní Ìjagun nítòsí wa, wọ́n ní àwọn tó mọ kẹ́mísìrì níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ti tó láti kọ́ èèyàn ní ohun tí kò ní jẹ́ kó pa ara rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀.

Ní ti dúrọ́ọ̀mù, mo fẹ́ kí òfin ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́ ní kedere: ẹni tó ra TDI tó kún ni yóò jíhìn nípa dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ṣófo. Kó fi sódà-áàṣì wẹ̀ ẹ́, kó dá a lu, kó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kó lọ di irin yíyọ́. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ dé ọjà ní odindi. Bí oníṣòwò dúrọ́ọ̀mù bá pàdánù owó, ẹ san díẹ̀ fún un lórí èyí tó bá kó wá. Ó sàn kí a fi owó ìlú ra dúrọ́ọ̀mù ju kí a fi ra pósí lọ.

Ẹ̀yin dókítà wa nílé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù, mo bẹ̀ yín, bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá wá pẹ̀lú ikọ́ fée tí kò ní irú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ máa ń yá lọ́jọ́ Àìkú kó tún padà burú lọ́jọ́ Ajé. Ìbéèrè méjì yẹn ni ìbá ti yọ ọ̀rẹ́ mi kó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ra dúrọ́ọ̀mù fún omi, fún epo, fún ẹ̀gẹ́: ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi èékánná ha ọ̀dà tuntun. Bí ẹ bá rí agbárí òkú, tàbí 2078, tàbí 1593 tó jẹ́ ti methylene chloride, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, tí ẹni tó ń tà á kò sì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi èyíinì náà sílẹ̀. Ike tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ lè wọ́n díẹ̀ ju onírin lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ rà.

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń da fóòmù lẹ́yìnkùlé, n kò bínú sí yín. Mo ti wà níbi tí ẹ wà. Kí ìjọba tó dá wa lóhùn, ẹ gbé e kúrò nínú ilé ná. Ẹ má dé dúrọ́ọ̀mù tí omi bá ti wọ̀ pa mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Bí àyà yín bá ti ń fún yín pìnpìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dà á, ẹ má ṣe fi agbo bò ó mọ́lẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ lọ rí dókítà.

Ọlọ́lá, mo ra dúrọ́ọ̀mù ọjọ́ náà fúnra mi. N kò lè fi í sílẹ̀ kí ìyá mìíràn rà á lẹ́yìn tí mo bá lọ. Ó wà lẹ́yìn ilé mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí, níta gbangba, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo da omi sódà-áàṣì àti ọṣẹ sínú rẹ̀, mo sì fi okùn pupa yí ibẹ̀ ká kí àwọn ọmọ-ọmọ mi má baà dé ìdí rẹ̀. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì méjì láti béèrè ẹni tó máa wá gbé e. Ọ̀kan ní kí n lọ sí èkejì, èkejì ní kí n padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan ẹnì kan, kí ẹ kéde orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lórí rédíò, kí èmi àti ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè pè é.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Sitọ́ọ̀-kípà kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.